Alẹ́ Wúrà ní Halifax

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Moncton lọ sí Halifax tó nǹkan bí 260 kìlómítà. Nínú oṣù Kínní, yìnyín ló máa ń wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, igbó igi páìnì á sì máa bá a lọ títí. Ẹni tó bá ń sáré lọ wòran lè gba ibẹ̀ kọjá láìka orúkọ ìlú kankan sí lára pátákó ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni dúdú tó bá ń lọ wo họ́kì, ó yẹ kó dẹ eré mọ́tò rẹ̀ bó bá dé Amherst, kó tún dẹ ẹ́ bó bá dé Truro. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ 5 oṣù Kínní ọdún 2023 ni a rin ìrìn náà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Kánádà àti Ṣẹ́ẹ̀kì fẹ́ wàákò nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé họ́kì orí yìnyín ti àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn àwọn tí kò tíì pé ẹni ogún ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó fi Moncton ṣe ibùgbé ló wa mọ́tò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, jókòó sẹ́yìn, ó wọ ẹ̀wù pupa Kánádà tó bò ó dé orúnkún. Ọmọ náà ń gbá họ́kì. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tó fi mọ bàtà onírin í wọ̀ sáré lórí yìnyín.

Kì í ṣe Kánádà ló yẹ kó gbàlejò ìdíje ọdún yẹn. Rọ́ṣíà ni wọ́n gbé e fún tẹ́lẹ̀, ní ìlú Novosibirsk àti Omsk. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì 2022, àjọ họ́kì àgbáyé gba ìdíje náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ òun àti Belarus kúrò lára àwọn tó máa kópa. Bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ Halifax àti Moncton nìyẹn, àwọn ìlú méjì ní ìlà-oòrùn Kánádà. Láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé epo, òun ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́dún ṣe máa ń rí ní gbogbo Kánádà nìyẹn: bí Kérésìmesì bá ti kọjá, ìdíje yìí ló kàn, àti bàbá àti ìyá àti ọmọ á sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n.

Fún ẹni tí kò bá tíì wo eré náà rí: èèyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ní lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń fi igi gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù, róbà dúdú pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì, ó sì le tó ohun tó lè yọ eyín lẹ́nu èèyàn. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń gbá, ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rúfin á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn ikọ̀ rẹ̀ á sì máa gbá a láìpé.

Amherst ni ìlú àkọ́kọ́ tí a bá nígbà tí a kúrò ní New Brunswick bọ́ sí Nova Scotia. Ikọ̀ họ́kì kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí gbogbo eléré inú rẹ̀ jẹ́ ẹni dúdú. Amherst Royals ni wọ́n ń jẹ́. Truro náà ní tirẹ̀, wọ́n ń pe àwọn yẹn ní Victorias. Inú líìgì kan náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn figagbága, Colored Hockey League of the Maritimes, tí àwọn àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ẹni dúdú dá sílẹ̀ ní Halifax ní ọdún 1895. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọdún yẹn kà. NHL, líìgì họ́kì tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún gbáko ni líìgì àwọn ọmọ dúdú fi ṣáájú rẹ̀.

Ìdí tí àwọn àgbà ìjọ fi dá a sílẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa wá sí ilé ìsìn, wọ́n sì mọ̀ pé bí ìdíje bá wà lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ á jókòó gbọ́ ìwàásù parí. Àwọn aláwọ̀ funfun ló máa ń kọ́kọ́ lo gbọ̀ngàn yìnyín. Ìparí ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín ti ń yọ́ lọ, ni wọ́n máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn dúdú. Orí yìnyín tó ti ń di omi yẹn náà ni àwọn èèyàn wa ti dá àrà. Àwọn tó ṣe ìwádìí líìgì náà sọ pé Henry Franklyn, aṣọ́lé ikọ̀ Jubilees ti Dartmouth, máa ń fi ara lélẹ̀ pátápátá láti dí pọ́ọ̀kì lọ́nà. NHL fúnra rẹ̀ kò gba aṣọ́lé láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1918. Wọ́n tún sọ pé Eddie Martin ti ikọ̀ Eurekas ti ń gbé igi sókè fi gbá pọ́ọ̀kì ní àgbásọ̀kò, àrà tí gbogbo òǹwòran òde òní ń dìde dúró nítorí rẹ̀, kí àwọn mìíràn tó gbà á mọ́ tiwọn.

A yà mu tíì ní Truro. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bóyá wọ́n kọ́ ọmọ náà ní ìtàn yìí níléèwé.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni wọ́n fèsì. "Nígbà tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Kánádà ṣe sítáǹbù líìgì náà jáde ní 2020, mo rà á, mo fi há fírémù, mo gbé e kọ́ sí yàrá rẹ̀. Mo fẹ́ kó máa rí i kó tó lọ síbi ìgbaradì."

"Kí ni ìyá yín wí nípa họ́kì tó ń gbá?"

"Màmá ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi eré òyìnbó ká ọmọ òun léyín. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè láti ilé ni wọ́n ń tún un sọ."

Ọmọ náà gbọ́, ó sì ya ẹnu fún mi kí n rí i pé eyín òun pé.

Kí a tó wọ àárín ìgboro Halifax, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n yà sí Africville. Létí omi Bedford Basin ni, ní ẹsẹ̀ afárá ńlá MacKay. Abúlé àwọn ẹni dúdú ni ibẹ̀ jẹ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ń san owó orí fún ìjọba ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba kò fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú irin ni wọ́n là gba àárín ilé wọn, ààtàn ìlú ni wọ́n kó wá sítòsí wọn. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ ni wọ́n fi kó ẹrù ẹlòmíràn nínú wọn lọ. Ọdún 1967 ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lóru. Ọdún 2010 ni olórí ìlú tó tọrọ àforíjì, wọ́n sì tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́ lẹ́yìn náà, òun ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí.

Abúlé yìí ní ikọ̀ nínú líìgì náà. Sea-Sides ni wọ́n ń jẹ́. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi, ó ń gún ni lójú. Ọmọ náà ń bi bàbá rẹ̀ pé ibo gan-an ni àwọn Sea-Sides ti ń gbá tiwọn. Inú bí mi níbẹ̀, n kò fi pamọ́. Àwọn tí wọ́n dá àrà sínú eré tí gbogbo Kánádà fi ń yangàn, ilé wọn ni wọ́n fi katakata tú.

Ohun mìíràn tún wà nínú omi Halifax tí mo fẹ́ kí Yorùbá kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1792, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbéra ní èbúté yìí. Nǹkan bí 1,200 ẹni dúdú ló wà nínú wọn. Àwọn tó gbè sẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun òmìnira Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn ní Nova Scotia, kò sì mú un ṣẹ bó ṣe tọ́. Wọ́n bá forí lé Áfíríkà, wọ́n tẹ Freetown dó. Freetown yìí kan náà ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther dé ní 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ibẹ̀ ni àwọn Sàró ti wá padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀sìn. Nítorí náà, Halifax kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún wa tó bí a ṣe rò.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Scotiabank Centre, ní ẹsẹ̀ òkè Citadel. Gbọ̀ngàn náà gba èèyàn tó lé ní ẹgbàárùn-ún, kò sì sí àyè kan tó ṣófo. Pupa ni gbogbo rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lápá ọ̀tún wa bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó bi í pé ipò wo ló ń gbá. Àárín, ni ọmọ náà dáhùn. Láti ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Àwọn òǹwòran ti wo iṣẹ́ ìyanu kí àṣekágbá tó dé. Ọjọ́ 2 oṣù Kínní ni Connor Bedard, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, já pọ́ọ̀kì gba àárín àwọn ọmọ Slovakia, tó sì gbá góòlù tó gba Kánádà là nínú àfikún àkókò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n na Amẹ́ríkà ní 6-2 lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ fi góòlù méjì ṣíwájú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàgbé pé Ṣẹ́ẹ̀kì yìí kan náà ló na Kánádà ní 5-2 ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú gbọ̀ngàn yìí, níwájú àwọn èèyàn yìí.

Nínú àṣekágbá yìí, Dylan Guenther ti Kánádà ló kọ́kọ́ gbá tirẹ̀ wọlé, nígbà tí ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìrúfin. Bí iná pupa ṣe tàn lẹ́yìn ilé ni orin bẹ̀rẹ̀: "Heave Away" ti The Fables, ẹgbẹ́ olórin kan láti Newfoundland. Orin àwọn atukọ̀ ni, àwọn ará etí òkun ló ni ín, òun sì ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí orin góòlù Kánádà ní ìdíje náà. Àwọn èèyàn kó ọwọ́ lé ara wọn léjìká, wọ́n ń mì lọ sọ́tùn-ún, wọ́n ń mì bọ̀ sósì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé wọn kì í gbéra sọ nílé ayẹyẹ, gbéra sọ. Ní ìpele kejì, Shane Wright tó jẹ́ balógun ikọ̀ gbá ìkejì. Orin tún ta. Ìyá kan níwájú wa ti ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sọ fún wọn pé ó ti parí.

Kò tíì parí. Ní ìpele kẹta, Jiří Kulich dá ọ̀kan padà fún Ṣẹ́ẹ̀kì. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Jakub Kos gbá ìkejì. Méjì sí méjì.

Mo ti wà ní pápá ìṣeré tí wọ́n ti na àwọn tiwa rí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn rí. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́ bí agbo ijó tí awọ ìyáàlù ya mọ́ onílù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì díẹ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún nìkan ni à ń gbọ́, wọ́n ń fì àsíá orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ń kọrin, ohùn wọn sì tó kárí ilé. Wọn kò jẹ̀bi: orílẹ̀-èdè wọn kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú ìdíje yìí láti 2005. Bàbá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní òun wà nínú gbọ̀ngàn yìí ní 2003, nígbà tí Rọ́ṣíà na Kánádà ní 3-2 nínú àṣekágbá, òun sì ti gbàdúrà pé kí òun má rí irú rẹ̀ mọ́. Ogún ọdún ni ó ti gbé ìbànújẹ́ yẹn kiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn eré ìdárayá kan dénú lè sọ pé àṣejù ni. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbànújẹ́ kan wà tí a jọ ń gbé pẹ̀lú gbogbo ìlú, wọ́n sì wà lára ohun tó ń sọ ìlú di ìlú.

Nínú àfikún àkókò, eléré mẹ́ta àti aṣọ́lé kan ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń ní. Àyè á wá pọ̀ lórí yìnyín, eré á di ká lọ ká bọ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbá góòlù ló ni ín. Kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Nígbà tí Tomáš Suchánek, aṣọ́lé Ṣẹ́ẹ̀kì, bá mú ọ̀kan, gbogbo ilé á kérora. Nígbà tí Thomas Milic ti Kánádà bá mú tirẹ̀, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò wo yìnyín mọ́, ó fi ẹ̀wù bojú, ó ń wí pé, "Ọ́ńkù, ẹ sọ fún mi tó bá ti wọlé."

Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà tí àfikún bẹ̀rẹ̀ tí Joshua Roy àti Guenther já síta, àwọn méjì sí ẹyọ ẹnì kan. Roy gbé e fún Guenther. Guenther gbá a.

N kò gbọ́ fèrè góòlù rárá, ariwo èèyàn ti bò ó. Kí n tó ráyè sọ fún ọmọ náà, bàbá arúgbó ti gbé e sókè, ó ń mì í, omi ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Ìyá orí fóònù gbá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra, ẹ̀gbọ́n mi sì gbá a mọ́ra padà. Lórí yìnyín, àṣíborí àti ìbọ̀wọ́ fọ́n ká, àwọn ọmọkùnrin ń gun ara wọn lórí. Góòlù mẹ́ta sí méjì. Ogún ìgbà ni Kánádà ti wá gba wúrà yìí báyìí. Wọ́n kéde Bedard gẹ́gẹ́ bí eléré tó dára jù lọ: góòlù mẹ́sàn-án ló gbá, mẹ́rìnlá ló sì gbé fún àwọn mìíràn gbá, kò sí ọmọ Kánádà tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ń fi fàdákà sí àwọn ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì lọ́rùn, tí omijé ń dà lójú wọn, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún wọn. Inú mi dùn sí ìyẹn ju góòlù lọ.

Ní ìta, mọ́tò ń fun fèrè, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin atukọ̀ yẹn láti òpópónà kan sí èkejì. A tò sórí ìlà láti ra donair, oúnjẹ tí Halifax fi ń ṣe fọ́ńté, ẹran inú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n da ọbẹ̀ dídùn lé. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbọ́ èdè wa, ó yíjú, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí yìnyín.

"Ẹ káalẹ́ sà! Yorùbá ni yín?"

"Káalẹ́, ọmọ wa. O wá wo ìdíje?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì ló fà mí wá, sà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n tiwọn ni, a kàn bá wọn yọ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn kíákíá. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí apá ibi tí Dartmouth wà lódìkejì omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Henry Franklyn fún un, ìdúró náà sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran inú donair wa fi tutù.

N kò lè da ọmọkùnrin náà lẹ́bi. Kò sí ohun kan nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà tó sọ fún un pé ọmọ onílé ni òun. Họ́kì fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe rere tó fún àwọn ọmọ wa. Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Okene ní Nàìjíríà, gbá họ́kì dé NHL, ó sì sọ síta ní 2019 pé kóòṣì òun nígbà kan fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà bú òun. Willie O'Ree, ọmọ Fredericton ní New Brunswick, tó di ẹni dúdú àkọ́kọ́ nínú NHL ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní 1958, fara da èébú láti orí ìjókòó àwọn òǹwòran, bẹ́ẹ̀ ojú kan ló fi ń ríran. Ariwo ayọ̀ alẹ́ kan kò lè pa ìyẹn rẹ́.

Síbẹ̀, mo rí bí ayọ̀ náà ṣe rí lára ọmọ ọdún mọ́kànlá kan. Nígbà tí a ń padà sí Moncton lóru, tí a rò pé ó ti sùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Akil Thomas. Ọjọ́ 5 oṣù Kínní náà ni, ní 2020, ní ìlú Ostrava ní Ṣẹ́ẹ̀kì. Rọ́ṣíà ti fi 3-1 ṣíwájú Kánádà ní ìpele kẹta. Kánádà dá méjì padà, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin tí Thomas, ọmọ dúdú, fi gbá ìkẹrin tó gba wúrà. Ọmọ náà mọ gbogbo rẹ̀: ẹni tó gbé pọ́ọ̀kì, ibi tí aṣọ́lé ṣubú sí, bí Thomas ṣe sáré lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun náà máa gbá irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àmín."

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Halifax, ní Moncton, ní Toronto, ní Calgary, ọ̀pọ̀ yín ló ti sọ fún mi pé họ́kì gbówó lórí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàtà onírin àlòkù wà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn adágún tó ti dì wà tí ẹnikẹ́ni kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọdé níbẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ gbá a, ẹ má sọ fún un pé eré òyìnbó ni. Ẹ sọ fún un nípa Sea-Sides, Eurekas àti Jubilees. Bí ẹ bá sì ń lọ wo ìdíje ní Halifax, ẹ tètè kúrò nílé, kí ẹ lè kọ́kọ́ mú un dé Africville.